Owó oṣù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àmọ́ ilé ò ní rójú mi mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Méjì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń gbé mi lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ dá a rò mọ́. Ilé iṣẹ́ kan pè mí pé kí n wá ṣe alábòójútó ẹ̀ka kan fún àwọn. Owó oṣù tí wọ́n fẹ́ máa san fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí mò ń gbà báyìí. Àmọ́ ibẹ̀ jìnnà sílé wa. Màá máa jáde kí àwọn ọmọ tó jí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á sì ti sùn kí n tó wọlé. Wọ́n tún ní àwọn lè pè mí lópin ọ̀sẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó le fún mi ni pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi nígbà kan. Ó ti rí òmíràn, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀. Gbèsè tí a jẹ lásìkò tí iṣẹ́ ò sí yẹn ṣì wà lọ́rùn wa, èlé sì ń gorí èlé. Bí fóònù bá dún lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, èmi àti ọkọ mi á wo ara wa lójú, kò ní sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Ọkọ mi ní kí n má gba iṣẹ́ náà, pé owó kọ́ ni gbogbo nǹkan. Ìyá mi ní kí n tètè gbà á kí wọ́n tó gbé e fún ẹlòmíì.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé owó ń fúnni láyọ̀ ní tòótọ́, àbí wàhálà kan ni mo fẹ́ fi pààrọ̀ òmíràn? Ẹni tó bá ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹni tó bá mọ̀ nípa ìwádìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí i.

Àgbà Afẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní owó ní òun ò sí nílé, kí ẹnikẹ́ni má dámọ̀ràn lẹ́yìn òun. Nígbà tí gbèsè bá wà nílẹ̀, kò sí ìpinnu kan tí tọkọtaya fẹ́ ṣe tí gbèsè yẹn ò ní dá sí. Ẹ fẹ́ yan ilé ẹ̀kọ́ fọ́mọ, gbèsè á sọ̀rọ̀. Ẹ fẹ́ sinmi, gbèsè á sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ ò parọ́ pé owó kọ́ ni gbogbo nǹkan, àmọ́ kò sí ohun tí àìrówó san gbèsè ò lè dé ibẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o gbà á, kí o sì dá gbèdéke sí i. Lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ní ohun kan pàtó tó fẹ́ lọ mú bọ̀. Ọjọ́ tí gbèsè bá tán, kí ìwọ àti ọkọ rẹ tún jókòó, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ torí gbèsè, tí gbèsè sì tán, tí wọn ò rántí mọ́ pé torí rẹ̀ làwọn ṣe wá. Kí gbèsè tó tán, owó yẹn ti di owó ilé tó tóbi jù, ti di owó mọ́tò. Wọ́n wá di ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kódà nígbà tí ara wọn ò gbà á mọ́.

Olùkọ́ Ọrọ̀ Ajé

Ẹ jẹ́ kí n mú apá ìwádìí, torí òun ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1974, Richard Easterlin, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kíyè sí ohun kan tó ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Nínú orílẹ̀-èdè kan náà, àwọn tó rí já jẹ sábà máa ń sọ pé inú àwọn dùn ju ti àwọn tí kò ní lọ. Síbẹ̀, bí gbogbo orílẹ̀-èdè náà bá jọ ń lówó sí i lọ́dọọdún, ayọ̀ wọn lápapọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbéra. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀.

Èyí tí ẹnu kún jù ni ti ọdún 2010. Daniel Kahneman àti Angus Deaton yẹ ìdáhùn àwọn ará Amẹ́ríkà tó lé ní 450,000 wò. (Àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, Kahneman lọ́dún 2002, Deaton lọ́dún 2015.) Wọ́n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí àwa máa ń dà pọ̀: ojú tí èèyàn fi ń wo ayé rẹ̀ bó bá jókòó rò ó, àti bí ọjọ́ ṣe ń rí lára rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, àníyàn rẹ̀, ìbànújẹ́ rẹ̀. Bí owó ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń fi ojú rere wo ayé rẹ̀. Àmọ́ ti ojoojúmọ́ yẹn dúró lójú kan bí owó ọdún bá ti tó nǹkan bí 75,000 dọ́là. Iye yìí ni gbogbo èèyàn ń gbé kiri, bí ẹni pé ìhà kejì ò sí nínú ìwádìí náà.

Lọ́dún 2021 ni Matthew Killingsworth gba orí fóònù béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 33,000, léraléra lójúmọmọ, bí inú wọn ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Òun ò rí ibi tí ayọ̀ ti dúró. Dípò kí wọ́n máa ta ko ara wọn nínú ìwé, òun àti Kahneman pinnu láti jọ ṣiṣẹ́, Barbara Mellers sì dúró láàárín wọn bí onílàjà. Àbájáde wọn jáde lọ́dún 2023: fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn, ayọ̀ ń bá owó gòkè. Ṣùgbọ́n àwọn tí inú wọn bàjẹ́ jù, ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ títí dé nǹkan bí 100,000 dọ́là, lẹ́yìn náà kò rí nǹkan ṣe sí ìbànújẹ́ tó kù. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti dàrú, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dé mọ́lẹ̀, owó gbé wọn dé ibì kan, ó dúró.

Nǹkan méjì ló kan Ìyá Ọmọ Méjì nínú gbogbo èyí. Èkíní, ìlọ́po ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe iye. Ohun tó kún ayọ̀ ẹni tó kúrò ní 20,000 dọ́là bọ́ sí 40,000 sún mọ́ ohun tó kún ti ẹni tó kúrò ní 100,000 bọ́ sí 200,000. Nítorí náà, ìlọ́po méjì kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, pàápàá fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì, bí owó ṣe so mọ́ ayọ̀ tó yẹn, okùn náà kò nípọn. Ẹ máa rí ẹni méjì tí owó oṣù wọn dọ́gba délẹ̀, tí ayọ̀ wọn sì jìnnà síra bí ọ̀sán àti òru.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un nítorí fóònù alẹ́ tó o mẹ́nu bà. Lọ́dún 2013, Anandi Mani, Sendhil Mullainathan, Eldar Shafir àti Jiaying Zhao tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn àgbẹ̀ ìrèké ní Íńdíà. Wọ́n dán àròjinlẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó kórè, nígbà tí ọwọ́ wọn gbẹ, wọ́n sì tún dán an wò lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó ti dé. Àwọn èèyàn kan náà ni o. Iṣẹ́ ọpọlọ tí wọn ò lè ṣe dáadáa kí wọ́n tó kórè, wọ́n ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Àìlówó ń gba àyè nínú orí ẹni. Bí o bá rí i pé ò ń gbàgbé nǹkan, pé ò ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ láìnídìí, má rò pé ìwà rẹ ló yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kan

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí wọ́n ní àwọn tó jẹ owó ńlá nínú lọ́tìrì, inú wọn kì í dùn ju ti ẹlòmíì lọ?

Olùkọ́ Ọrọ̀ Ajé

Ìwádìí ọdún 1978 lo ń sọ, ti Philip Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èèyàn 22 péré tó jẹ lọ́tìrì ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, ó kéré jù láti fi dá gbogbo ayé lẹ́jọ́. Lọ́dún 2020, Erik Lindqvist, Robert Östling àti David Cesarini tẹ ti Sweden jáde, àwọn tó jẹ owó níbẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó jẹ owó ńlá ṣì ń sọ pé ayé àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn ju ti àwọn tó jẹ owó kékeré lọ. Inú dídùn ojoojúmọ́ ni owó yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Èmi Ni Ọmọ Náà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí òbí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Ìyá mi ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí a wà ní kékeré. Ó ń jáde lókùnkùn, ó ń wọlé lókùnkùn. Bí a bá ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wa láàárọ̀, a máa ń bá ọ̀rọ̀ tó kọ síbẹ̀ lóru: "Ìṣirò kẹta, tún un wò, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á." Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́, wẹ́wẹ́, sí etí ìwé, kí olùkọ́ má bàa rò pé tiwa ni. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà lọ́wọ́.

Ṣé ó dùn wá pé kì í sí nílé? Ó dùn wá. Mi ò ní purọ́ fún un yín. Àbúrò mi máa ń sùn sójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n mo tún rántí bí ilé ṣe rí ṣáájú iṣẹ́ yẹn. Ìyá wà nílé, bàbá wà nílé, kò sì sí ìrọ̀rùn. Wọ́n á rọra máa sọ̀rọ̀ nínú yàrá lóru, wọ́n rò pé a ti sùn. A ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ohùn nìkan là ń gbọ́, ohùn yẹn sì ń dẹ́rù bà wá ju ariwo lọ. Ọmọ máa ń mọ̀ bí owó ò bá sí nílé, kódà kí wọ́n má sọ ọ́ létí rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gbà á, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ sọ fún wọn ìdí rẹ̀ àti ìgbà tó máa dópin. Tiwa kò ní òpin. Ìyẹn ló ká wa lára jù.

Akọ̀wé Owó

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Ìyá Ọmọ Méjì, mú bébà kan. Ìlọ́po méjì tí wọ́n sọ fún ọ, owó tí wọ́n máa san ni, kì í ṣe owó tó máa délé. Àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, mo kàn mú wọn kó lè yé wa ni, ìwọ fi tìẹ rọ́pò wọn.

Ká ní 100 ni ò ń gbà lọ́sẹ̀ níbi tó o wà. Owó ọkọ̀ àti ìnáwó kéékèèké tí iṣẹ́ ń fà jẹ́ 10, ó ku 90. Wákàtí tó o fi ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú èyí tó ń lọ sójú ọ̀nà, jẹ́ 45. Wákàtí kan ń mú 2 wálé. Níbi tuntun, wọ́n á san 190. Owó ọkọ̀ ti wọ́n sí i, ẹ máa sanwó fún ẹni tó máa bá yín wo àwọn ọmọ, owó orí náà lè ga. Ká pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí 36, ó ku 154. Wákàtí tó o máa fi wà níta ti di 70. Wákàtí kan ń mú 2.2 wálé.

Ṣé o rí i? Owó wákàtí rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Wákàtí tó pọ̀ sí i ni wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ, ní iye tó sún mọ́ ti àtẹ̀yìnwá. Mi ò sọ pé kí o má tà á o. 64 tó lé lọ́sẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré fún ẹni tó jẹ gbèsè. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ohun tó o fẹ́ tà kí o tó tà á.

Ó wá kan gbèsè gan-an. Ká ní 1,000 lẹ jẹ, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Bí ẹ bá ń san 30 lóṣù, èlé nìkan lẹ̀ ń san. Ẹ lè san án fún ogún ọdún, 1,000 yẹn á ṣì jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá ń san 60, ó máa gbà yín ní oṣù 24. Bí ẹ bá ń san 120, oṣù 10 péré. Owó tí ẹ̀ ń san di ìlọ́po méjì, àkókò sì dín ju ìdajì lọ. Ìdí tí mo fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àgbà Afẹ̀yìntì nìyẹn, pé kí o gbà á pẹ̀lú gbèdéke. Bí gbogbo owó tó lé bá wọ inú gbèsè látoṣù àkọ́kọ́, gbèdéke náà lè kúrú ju bó o ṣe rò lọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ra àga tuntun, ẹ ti fà á gùn.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ lówó sójú kan, iye tó kù, èlé rẹ̀, àti iye tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ san lóṣù. Ẹ san èyí tó kéré jù yẹn fún gbogbo wọn, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ sórí èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n kọ́kọ́ pa èyí tó kéré jù rẹ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ó máa ń náni lówó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí ìyẹn ló máa jẹ́ kí ẹ tẹra mọ́ ọn, ẹ ṣe é. Ẹ má sì kó gbogbo owó fún olówó tán. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ fún àìsàn òjijì tàbí mọ́tò tó bà jẹ́, kí ẹ má bàa tún lọ yá òmíràn.

Ẹni Tó Yan Àkókò

Èmi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi, mi ò gbà á, ilé wa sì tòrò. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ojú ọ̀nà yẹn, ẹ ò tíì wọ̀n ọ́n tán. Alois Stutzer àti Bruno Frey wo àwọn ará Jámánì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2008: bí ọ̀nà ibi iṣẹ́ èèyàn bá ṣe ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ayé rẹ̀ kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, owó oṣù tàbí ilé tó dára tí wọ́n torí rẹ̀ gbà láti máa rìn kò sì dí i. Ashley Whillans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà, lọ́dún 2017, bá àwọn èèyàn tó lé ní 6,000 sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Denmark àti Netherlands. Àwọn tó ń fi owó ra àkókò, tí wọ́n ń sanwó fún ẹlòmíì kó bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé tí wọn ò fẹ́, ayé wọn tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ wá fẹ́ ṣe òdìkejì, o fẹ́ fi àkókò ra owó.

Mo mọ̀ pé gbèsè ò sí lọ́rùn mi nígbà tèmi, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé o ti béèrè bóyá o lè máa ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀? Ṣé o ti padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ ti báyìí, kí o sọ fún un pé ibòmíì ń pè ọ́? Nígbà míì, owó tó o fẹ́ rìn jìnnà lọ wá wà nínú ọ́fíìsì tó o wà.

Ọ̀dọ́ Òṣìṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Èmi náà ní ìbéèrè kékeré: owó oṣù mi ń tó mi ná, inú mi sì ń dùn sí i, títí mo fi gbọ́ iye tí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ń gbà. Látìgbà yẹn, mi ò lè jókòó dáadáa nídìí iṣẹ́ mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ Ọrọ̀ Ajé

Ìwọ nìkan kọ́. Ní Yunifásítì California, David Card àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kan pé ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lè rí owó oṣù gbogbo ara wọn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2012. Àwọn tí owó wọn kéré láàárín ẹgbẹ́ wọn bínú sí iṣẹ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Àwọn tí owó wọn ga ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ kò láyọ̀ sí i rárá. Bí iṣẹ́ yín bá dọ́gba lóòótọ́, tí ìrírí yín sì dọ́gba, lọ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ pẹ̀lú àlàyé tó dúró lórí ohun tó ò ń ṣe, má sì dárúkọ ẹni yẹn níbẹ̀.

Olùdarí Ìjíròrò

Mo ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ kan tó ń bú ọkọ Ìyá Ọmọ Méjì kúrò. A ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí níbí láti dáhùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Agbani-nímọ̀ràn Lọ́kọláya

Ẹ ṣé, Olùdarí. Ọkọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìyá Ọmọ Méjì, o ní ó sọ pé owó kọ́ ni gbogbo nǹkan. Ǹjẹ́ o ti bi í pé kí ló ní lọ́kàn tó fi sọ ọ́? Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pàdánù owó nìkan. Lọ́dún 1998, Liliana àti Rainer Winkelmann yẹ ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin Jámánì wò ṣáájú àti lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Owó tí kò wọlé mọ́ kò tó nǹkan lára ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ibi tí wọ́n ń jí lọ láàárọ̀, ẹni tí wọ́n jẹ́ lójú ẹgbẹ́ wọn, ló ká wọn lára jù. Kí o tó wá gba iṣẹ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ, ọgbẹ́ yẹn lè má tíì jinná.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń sọ pé àwọn ń jà lórí owó. Bí a bá jókòó tán, a máa ń rí i pé ẹ̀rù ni wọ́n ń bà, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Ìjà lórí owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Jeffrey Dew, Sonya Britt àti Sandra Huston rí i lọ́dún 2012 pé nínú gbogbo ohun tí tọkọtaya ń bá ara wọn jà lé, èyí tó jẹ mọ́ owó wà lára ohun tó ń tọ́ka sí ìkọ̀sílẹ̀ jù.

Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ kan tí àwọn ọmọ ò ní sí nítòsí. Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù kí ẹ tó mú bébà Akọ̀wé Owó jáde, torí bí iye bá kọ́kọ́ dé orí tábìlì, ẹ̀rù ò ní rí àyè sọ̀rọ̀ mọ́. Bí owó rẹ bá máa ju tirẹ̀ lọ, ẹ pinnu látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe máa kó o jọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023, tí Jenny Olson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, mú àwọn tọkọtaya tuntun, wọ́n ní kí àwọn kan da owó pọ̀ sínú àkáǹtì kan, kí àwọn kan má dà á pọ̀. Láàárín ọdún méjì, ìfẹ́ àwọn tí kò dà á pọ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ti àwọn tó dà á pọ̀ dúró. Bí ẹ bá dà á pọ̀, kí olúkúlùkù yín ṣì ní owó díẹ̀ tí kò ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Àgbàlagbà ni yín, kò yẹ kí ẹnì kan máa tọrọ owó ìgbálẹ̀ tàbí owó káàdì fóònù lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ìyá Ọmọ Méjì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣe aláìrí ire. Mo ṣe bí Agbani-nímọ̀ràn ṣe wí. Mi ò mú bébà kankan dání, mo kàn bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní bí mo bá gba iṣẹ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí òun bá rí báàgì iṣẹ́ mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn lòun máa rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kí òun kó ẹrù òun sínú páálí kí òun máa lọ. Mi ò mọ̀ pé páálí ni wọ́n fún un. Kò sọ ọ́ fún mi rí.

A sọ̀rọ̀ débi tí oorun fi gbé wa lọ. Lọ́jọ́ kejì la wá ṣe ìṣirò. Owó wákàtí mi kò fi bẹ́ẹ̀ ga, bí Akọ̀wé Owó ṣe wí, àmọ́ tí gbogbo owó tó lé bá lọ sórí gbèsè, a máa bọ́ níbẹ̀ láàárín ọdún kan ààbọ̀. Ọkọ mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun á máa wá àwọn ọmọ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, torí iṣẹ́ òun ń tètè parí. Mo fẹ́ béèrè ọjọ́ méjì nílé lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní rò pé mo ti ń yẹ iṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹni Tó Ń Gba Òṣìṣẹ́

Iṣẹ́ mi ni láti máa gba èèyàn síṣẹ́, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì. Ìgbà tó o lágbára jù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ni àárín ìgbà tí wọ́n ti ní àwọn fẹ́ ọ àti ìgbà tó o fọwọ́ sí ìwé. Ó ti rẹ̀ wọ́n láti máa wá èèyàn, wọn ò fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó o bá ti fọwọ́ sí i, ohun kan náà tí wọn ì bá gbà kíákíá á di ojúure.

Má bẹ̀ wọ́n, má sì gba orí gbèsè tàbí ọmọ wọlé. Gba orí iṣẹ́ wọlé. Sọ fún wọn pé o ti ka ohun tí alábòójútó ń ṣe, pé o rí i pé ìròyìn kíkọ àti ètò oṣù kò nílò kí o wà níbẹ̀, pé o fẹ́ fi ọjọ́ méjì ṣe wọ́n láti ilé fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí wọ́n lè dán wò rọrùn fún wọn láti gbà ju ohun tí wọ́n rò pé ó máa wà títí láé. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ méjì pọ̀ jù, béèrè ọjọ́ kan àti àyè láti máa tètè kúrò nígbà tí ọ̀nà ò tíì dí.

Béèrè pẹ̀lú, láìtijú, ohun tí "a lè pè ọ́ lópin ọ̀sẹ̀" túmọ̀ sí fún wọn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n pe ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ láàárín ọdún tó kọjá? Ṣé wọ́n ń san owó fún un, àbí wọ́n ń fi ọjọ́ ìsinmi dí i? Kí sì ló dé tí ẹni yẹn fi kúrò? Bí ẹnu wọn bá ń há lórí ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, wá ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, kí o bi í.

Ohunkóhun tí wọ́n bá gbà, kó wà nínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ náà gan-an, pẹ̀lú owó oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n máa ń san án. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kan lè bá a lọ ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Bí wọ́n bá ní kí o wá bẹ̀rẹ̀ kí ìwé tó jáde, dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́ pé ọjọ́ tí ìwé bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lo máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ ti báyìí, kì í ṣe ṣáájú ìgbà yẹn.